Àárọ̀ Sátidé Tí A Ṣeré Láìpaná

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń rán aṣọ eré wa. Aṣọ ọba ni o, aṣọ ìyàwó ni o, aṣọ wèrè tàbí ti ọlọ́pàá, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá wa ní Ìbà ló ti ń ṣiṣẹ́. Á ti fèrèsé, á fi òwú dí etí, á sì tẹrí ba ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíì láyé. Tó bá ti parí, èmi ni màá kó aṣọ náà sínú báàgì gbé lọ fún àwọn òṣèré. Òun kì í wá wo eré. Ó wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì dán an wò mọ́.

Lọ́jọ́ tó wá yẹn, èmi ni mo fi í jókòó síwájú pátápátá. Mo fẹ́ kó rí aṣọ ọba tó ti fi ọjọ́ púpọ̀ kó iṣẹ́ sí lọ́rùn. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Ìyànà Ìbà la máa ń yá lò: òrùlé páànù, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, àga rọ́bà. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n paná lójijì, bí a ṣe máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn èèyàn káàbọ̀ gbé máíkì, máíkì han gooro. Kí ariwo yẹn tó lọ sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ti ń lu páànù fún àrá, nítorí ìjì ni eré náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí àga kan ṣubú. Nígbà tí mo fi máa yọrí wò, ààyè àbúrò mi ti ṣófo.

Orí títì ni mo ti bá a. Ó ti sáré dé àárín márosẹ̀ Badagry, ó dúró sórí pèpéle kékeré tí wọ́n fi pín ọ̀nà sí méjì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó di ojú. Ọkọ̀ ń lọ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn sì ń tẹ họ́ọ̀nù lé e lórí. Mi ò mọ bí mo ṣe sọdá. Mo dúró tì í láìfọwọ́ kàn án, nítorí tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tí iná jó. A wà níbẹ̀ títí ó fi lajú. A jọ padà sílé. Ìyá wa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Mo rán aṣọ ọba,” àbúrò mi ní. “Mi ò rí ibi tó rìn dé.”

Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí ìyá wa ń lọ, tí wọ́n bá ti ń lu agogo, orí iyanrìn níta ló máa ń jókòó sí títí ìsìn á fi parí. Kò lè wọ léèsì. Kò lè jẹun níbi tí wọ́n bá ti ń dín ẹja. Òórùn lọ́fínńdà lè mú kó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò tíì gbé e délé. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní ẹ̀mí kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ká mú un wá fún àdúrà. Dókítà kan sọ orúkọ ohun náà fún wa lédè òyìnbó. Ìyá wa ní orúkọ tí òun sọ ọmọ òun lọ́jọ́ ìkómọ ti tó o.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ti kúrò nínú mi, àfi ìgbà tí obìnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa. Ìyàwó sọ́jà ni, láti inú bárékè Ọ̀jọ́. Ọmọ náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì de nǹkan ńlá méjì bo etí, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́ títì máa ń lò.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí,” obìnrin náà ní. “Ṣé ariwo máa pọ̀ níbẹ̀?”

“Mọ̀mí, eré ni,” mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn. “Ariwo wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ máa gbádùn ẹ̀.”

“Ṣé wọ́n máa paná?”

“Wọ́n máa paná, mà.”

“Tí a bá wá fẹ́ jáde díẹ̀, ká tún wọlé ńkọ́?”

Mo wo ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó mi orí. Ẹni tó bá jáde ti jáde nìyẹn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ìrìn wọlé-jáde má bàa da àwọn òṣèré láàmú.

Obìnrin náà ò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan kan fún ọmọ rẹ̀, wọ́n sì yí padà. Ọmọ náà ń wẹ̀yìn bó ṣe ń lọ. Àwòrán ọba tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń wò.

Mi ò gbádùn eré ọjọ́ náà. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Nígbà tí wọ́n lu páànù, àyà mi já, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lù ú kíkankíkan. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ń tẹ̀ lé mi kiri. Mò ń rò ó nínú kẹ̀kẹ́, mò ń rò ó nídìí ìkòkò, títí ìyá mi fi bi mí bóyá mo ti jẹ ẹnì kan ní gbèsè.

Nígbà tó yá, mo gbé e síwájú àwọn ẹgbẹ́ mi níbi ìdánrawò. Ọ̀gá wa ni mo ń bẹ̀rù jù. Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèré wa sílẹ̀, òun náà ló ń ṣe ọba. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lójú títì máa ń gbọ́ ọ.

“Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan fún àwọn tí ariwo ń pa lára, sà,” mo ní. “Láàárọ̀. A ò ní paná, a máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jáde á jáde, á tún wọlé. Ìlù á wálẹ̀.”

Ọ̀gá gbé ìwé eré lé itan. “Ìwọ ọmọ yìí, ọba fi òfin de ọ̀sà, pé kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀ mọ́. Ìjì bá jà. Tí ìjì ò bá wá jà, kí ni ọba ń sá fún? Atẹ́gùn fáànù?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín.

“Ìjì máa jà, sà. Á kàn kọ́kọ́ sọ fún wọn pé òun ń bọ̀ ni.”

“Ìjì wo ló ń ránṣẹ́ ṣáájú?” Kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Láti ìgbà tí a ti ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, ohun tí mo mọ̀ ni kí n gbá òǹwòran mú, kí n má jẹ́ kó mí. Ìwọ wá ní kí n máa rọra fọwọ́ pa wọ́n lórí.”

Kò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní ká ṣe é kí òun rí i, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ padà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa gbọ́ tí mo ní kí wọ́n má fín lọ́fínńdà lọ́jọ́ náà, ó bi mí bóyá òórùn òógùn ni mo fẹ́ kí òun gbé wá fún àwọn èèyàn. A jà lórí ìyẹn díẹ̀.

Mo lọ bá àbúrò mi ní yàrá ẹ̀yìn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi yọ òwú létí.

“Lọ́jọ́ tó o wá yẹn, kí ló pa ọ́ lára jù?”

“Àga,” ó ní.

“Àga kẹ̀?”

“Àga rọ́bà tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ti ń gé mi lára kí ẹ tó paná rárá. Iná gígùn tó wà lókè yẹn náà ń kùn. Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni?”

Mi ò gbọ́ rí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wọ gbọ̀ngàn yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.

“Àrá tí wọ́n lù ńkọ́?”

“Àrá ò burú. Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni.”

Ó dá òwú padà sétí. Lọ́jọ́ kejì mo rí i tó ń ṣa àwọn àjákù aṣọ jọ, ó ń rán wọn ní kékeré kékeré. Mo rò pé aṣọ ọmọlangidi ni. Ìbọ̀sẹ̀ fún ẹsẹ̀ àga ni. Ó rán an títí àpò ìrẹsì kan fi kún. Lẹ́yìn náà ló gé aṣọ yẹ́lò kan, ó so ó mọ́ igi, ó ní kí ọlọ́kọ̀ ojú omi inú eré wa máa gbé e sókè tí ariwo bá ń bọ̀, kí àwọn òǹwòran mí dáadáa kí wọ́n tó lu páànù. Mo bi í bóyá ó máa wá. Ó fa òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mi ò sì bi í mọ́.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà gan-an ni ìjọ aláṣọ funfun kan wà, àárọ̀ Sátidé sì ni àwọn akọrin wọn máa ń pàdé, pẹ̀lú agogo àti sípíkà tó kọjú sí wa. Mo lọ bá Ìyá Ìjọ. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà lọ́wọ́.

“Ẹ fẹ́ ká dá agogo dúró nítorí eré orí ìtàgé?” ó bi mí. Kò pariwo, ìyẹn sì dẹ́rù bà mí ju pé kó pariwo lọ.

Mo ti ro gbogbo ohun tí mo máa sọ, gbogbo rẹ̀ bá sá lọ. Àbúrò mi tó máa ń jókòó sórí iyanrìn níta ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kàn ń ròyìn fún un. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

“Àwa náà ní ọ̀kan,” ó ní. “Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa. Ẹ̀yìn ilé ni ìyá rẹ̀ máa ń fi í sí tí a bá ń kọrin.” Ó ká sùtánà náà. “A máa sún ìpàdé akọrin sí ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kó di ojoojúmọ́ ṣá.”

Mo ránṣẹ́ sí ìyàwó sọ́jà náà nípasẹ̀ obìnrin tó ń ta òwú fún àbúrò mi ní ọjà inú bárékè. Mi ò gbọ́ èsì.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo ti dé gbọ̀ngàn kí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà tó ṣílẹ̀kùn. A ṣí gbogbo fèrèsé, a ò tan iná gígùn, a ò tan jẹnẹrétọ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn la lò. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn fún ẹni tó bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Mo wo ìbọ̀sẹ̀ àwọn àga, mo tún wò wọ́n. Mo lọ sí géètì, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo padà wọlé, mo tún àga tò. Mo tún lọ sí géètì. Ọ̀gá ti wọ aṣọ ọba tán, ó jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń wò mí.

“Jókòó,” ó ní.

“Mi ò lè jókòó, sà.”

Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Akọrin tí Ìyá Ìjọ sọ nípa rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ wá, òun pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn. Ọkùnrin kan tó máa ń wa kẹ̀kẹ́ ní Okokomaiko wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ní ìjàǹbá ọkọ̀, tí orí òun sì gbá títì, ariwo díẹ̀ ló máa ń mú kí ilẹ̀ yí lójú òun, òun ò sì wa kẹ̀kẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ yunifásítì kan wọlé, wọn ò mọ̀ pé ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ìyàwó sọ́jà àti ọmọ rẹ̀ ló dé gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ sáré lọ kí i, mo dá ara mi dúró.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wa jáde, ó sọ ìtàn eré náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi aṣọ hàn wọ́n, ó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó gbé páànù jáde, ó ní ohun tó ń jẹ́ àrá nìyí. Ọmọ ìyàwó sọ́jà bọ́ síwájú, ó fi ìka kan lù ú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún lù ú. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́kọ̀ ojú omi gbé aṣọ yẹ́lò sókè. Àwọn kan bo etí, wọ́n ń retí. Ìjì jà. Kò sẹ́ni tó sá.

Ọ̀gá jáde. Ó ti fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi tí mo fi ń tẹ́tí sí i bí ẹni tí mi ò gbọ́ rí. Ọkùnrin ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yẹn jáde, ó padà wọlé, kò sẹ́ni tó wò ó. Ọmọ akọrin náà ń rìn yípo lórí ẹní. Ọkàn mi fẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Ibi tí ọba ti fẹ́ dájọ́ fún obìnrin apẹja tó rú òfin ọ̀sà la dé, ni tírélà kan tó ru kọ̀ǹténà bá tẹ họ́ọ̀nù lójú títì. Kò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ariwo náà gba fèrèsé wọlé, ó kún gbogbo gbọ̀ngàn. Ọmọ ìyàwó sọ́jà figbe ta, ó já lulẹ̀, ó ká jọ sábẹ́ àga.

Gbogbo nǹkan dúró. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ti dì í mú. Mo fẹ́ jáde lọ bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ sọ pé eré ti tán, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n forí jì wá. Mo wo Ọ̀gá, mo rò pé á sọ̀rọ̀ láti gba ojú àwọn èèyàn padà, nítorí ohun tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí ìtàgé, ó ṣí adé, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Obìnrin apẹja náà jókòó tì í.

Ìyàwó sọ́jà ti dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ojú rẹ̀ sí ojú ọmọ rẹ̀ lábẹ́ àga. Kò fọwọ́ kàn án. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé rí, ó ń ṣe mí bíi kí n ju nǹkan mọ́lẹ̀. Lára àwọn ọmọ yunifásítì, ọ̀kan dìde, ó wo ojú àwọn tó kù, ó tún jókòó.

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó yọrí. Ó tún ohun etí rẹ̀ ṣe, ó rí ọba nílẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é mọ́?” ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wa lọ.

“Ìwọ ni mò ń dúró dè,” Ọ̀gá ní.

“Mo ti ṣe tán.”

Ọ̀gá dé adé rẹ̀. Ó rọra dìde, ó mú ìdájọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wo fèrèsé ẹ̀gbẹ́, mo sì rí àbúrò mi. Ó dúró níta lábẹ́ igi fúrúùtù, òwú wà létí rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Mi ò pè é, mi ò juwọ́. Nígbà tí aṣọ yẹ́lò tún lọ sókè, ó fọwọ́ bo òwú, ṣùgbọ́n kò dijú. Lẹ́yìn ìjì kejì yẹn ló gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọba rìn dé etí ọ̀sà, tó bọ́ agbádá, tó fi í sílẹ̀ lórí iyanrìn, tó sì lọ. Mi ò wo ìtàgé rárá. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

A ti ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́, kí wọ́n kàn máa ju ọwọ́ sókè. Àwọn ọmọ yunifásítì gbàgbé, wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Ọmọ akọrin náà fi igbe bọ́ síta, ìyá rẹ̀ sì sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo wo ògiri, àbúrò mi ti lọ.

Mo bá Ọ̀gá lẹ́yìn kọ́tìnnì, òógùn bò ó.

“Ó rẹ̀ mí ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ,” ó ní.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn.”

“Mò ń rí ojú wọn. Látìgbà tí mo ti ń ṣeré, òkùnkùn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó nu ojú. “Ẹ̀rù bà mí. Tí ẹ bá tún máa ṣe é, ẹ jẹ́ kí n gbé ohùn sókè díẹ̀ níbi ìdájọ́. Ẹ lè gbé aṣọ yẹ́lò yẹn sókè fún èmi náà.”

Mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbà nìyẹn. Ó ti bọ́ sẹ́yìn ilé kí n tó béèrè. Mo kó aṣọ sínú báàgì, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé nítorí mi ò lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́.

Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá wa. Àbúrò mi wà láàárín pálọ̀, ó da ìró ìyá wa bo èjìká, ó ń rìn bí ọba, ó ń fọwọ́ júwe ibi tí ọ̀sà wà fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ ọba, ó sọ ti obìnrin apẹja, ó tilẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí Ọ̀gá ti jókòó, bí ẹni pé inú eré náà ló wà. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí àbúrò mi rí mi, ó dúró.

“Apá òsì agbádá yẹn ń wọ́lẹ̀,” ó ní. “Ó fẹ́ẹ̀ gbé ọba ṣubú. Ẹ gbé e wá kí n gé e.”

Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Ìyá wa kọjú sí mi. Òun náà ò wo eré mi kankan rí, nítorí kò fẹ́ fi àbúrò mi sílẹ̀ nílé lóun nìkan.

“Ìgbà wo lẹ tún máa ṣe irú ẹ̀?” ó bi mí. “Èmi àti àbúrò rẹ la jọ ń bọ̀.”

Mo ní mi ò tíì mọ̀.

“Lọ mọ̀,” ó ní.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà ni. Mo tún wọ̀ ọ́, mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá.